Ẹ̀kọ́ láti ilé ti parí ní Kétu, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé-ìwé àti òbí kò tíì parí

Ọmọ tí ó bá wọ CI, kíláàsì àkọ́kọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní Kétu nígbà tí ọdún ẹ̀kọ́ 2019 sí 2020 ń bẹ̀rẹ̀, tí kò sì tún kíláàsì kankan kà, ọdún 2025 ni ó yẹ kí ó ti ṣe CEP, ìdánwò tí a fi ń kúrò ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Benin. Ọmọ náà kò tíì mọ lẹ́tà tán nígbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn kíláàsì rẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2020 nítorí àrùn Kòrónà. Ní báyìí, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti dé kọ́lẹ́ẹ̀jì, ìyẹn ilé-ìwé girama, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu ju olùkọ́ kan lọ pé àwọn kan wà nínú wọn tí wọ́n ṣì ń fi ìka tẹ̀ lé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó lè pe ọ̀rọ̀ kan jáde. Nígbà tí àwọn òbí bá gbọ́ irú èyí, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé Kòrónà ti lọ tipẹ́, ilé-ìwé sì ti ṣí tipẹ́, kí ló tún wá fa ìyẹn? Ìbéèrè náà tọ̀nà, ìdáhùn rẹ̀ ni mo sì fẹ́ ṣàlàyé níbí. Èrò tèmi ni pé ọjọ́ tí ilé-ìwé ṣí kọ́ ni ẹ̀kọ́ láti ilé parí. Ó parí ní ọjọ́ tí ilé-ìwé àti òbí bá jókòó, tí ẹni tí ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún oṣù mẹ́rin bá sọ ohun tí ó rí fún ẹni tí ó fẹ́ gbà á padà. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wa, ìjókòó yẹn kò wáyé rí.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ rántí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbàgbé. Ọjọ́ 16 oṣù Kẹta ọdún 2020 ni ìjọba Benin kéde ẹni àkọ́kọ́ tí àrùn náà mú ní ilẹ̀ wa, ìlú Àjàṣẹ́ tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo ni wọ́n sì ti rí i. Nígbà tí ó fi máa di ọjọ́ 30 oṣù náà, àwọn ilé-ìwé ti tì, ìjọba sì ti sé Kutọnu, Àjàṣẹ́ àti àwọn ìlú tí ó wà nítòsí wọn mọ́, tí ọkọ̀ akérò kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ tàbí kí ó jáde. Kétu kò sí nínú agbègbè tí wọ́n sé mọ́ yìí, bẹ́ẹ̀ ni Ṣábẹ̀ẹ́ náà kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ilé-ìwé tiwọn tì bákan náà. Ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún, wọ́n ní kí àwọn ọmọ CM2, kíláàsì ìkẹyìn, padà wá nítorí ìdánwò CEP, kí àwọn ti kọ́lẹ́ẹ̀jì sì padà pẹ̀lú wọn. Àwọn tí ó kù, láti CI títí dé CM1, wà nílé títí di ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ. Èyí túmọ̀ sí pé ọmọ CM2 pàdánù bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àbúrò rẹ̀ tí ó wà ní CE1, kíláàsì kẹta, sì pàdánù ohun tí ó lé ní oṣù mẹ́rin.

Ọjọ́ méjì tí kò dọ́gba yìí dá nǹkan kan sílẹ̀ tí n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ rẹ̀ nígbà náà. Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Kétu, ẹ̀gbọ́n tí ó wà ní CM2 tàbí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì nìkan ni olùkọ́ tí àwọn ọmọ kékeré ní. Bàbá lè má kàwé, ìyá lè má kàwé, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n lè ṣí ìwé kí ó ní, “Ka èyí fún mi.” Nígbà tí ẹ̀gbọ́n padà sí kíláàsì ní oṣù Karùn-ún, tí ó sì di pé ìdánwò ni gbogbo ọkàn rẹ̀ wà, ẹ̀kọ́ láti ilé parí fún àbúrò ní ọjọ́ náà gan-an, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oṣù mẹ́ta ṣì kù kí ilé-ìwé tó ṣí fún un.

Ní gbogbo ayé, iye àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé-ìwé tì mọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ náà le jù lọ́dún 2020 lé ní bílíọ̀nù kan àti ààbọ̀, ní orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 190, gẹ́gẹ́ bí àjọ UNESCO ti kà á. Àwọn kan ṣí láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ní Uganda, oṣù Kìíní ọdún 2022 ni ilé-ìwé tó ṣí padà pátápátá, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún méjì. Gbogbo ìjọba ló ń sọ nígbà náà pé ẹ̀kọ́ ń lọ láti òkèèrè. Ṣùgbọ́n nígbà tí UNICEF ka iye àwọn tí ẹ̀kọ́ yẹn lè dé ọ̀dọ̀ wọn ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020, wọ́n rí i pé ó kéré tán, mílíọ̀nù 463 ọmọ ni kò ní rédíò, tẹlifíṣọ̀n tàbí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀kọ́ náà lè gbà dé ọ̀dọ̀ wọn, tàbí kí ó jẹ́ pé ilé-ìwé wọn kò ní ètò kankan fún wọn. Ní ìwọ̀-oòrùn àti àárín gbùngbùn Áfíríkà, ìwádìí tí UNICEF àti ITU, àjọ àgbáyé tí ó ń rí sí ìbánisọ̀rọ̀, jọ ṣe fi hàn pé nínú ọmọ 100 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 3 sí 17, 95 ni kò ní íntánẹ́ẹ̀tì nílé. Nítorí náà, bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa òpin ẹ̀kọ́ láti òkèèrè ní Kétu, kí a má ṣe rò pé ọmọ kan jókòó níwájú kọ̀ǹpútà ní ibì kankan. Ẹ̀kọ́ láti òkèèrè ní ọ̀dọ̀ wa ni ìwé kan ṣoṣo tí ọmọ mú bọ̀ nílé, ẹ̀gbọ́n tí ó bá ráyè, àti rédíò bí bátìrì rẹ̀ kò bá tíì kú.

Ohun kan sì wà tí àwọn tí ń ka iye fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì kì í kà, òun sì ni èdè. Èdè Faransé ni ilé-ìwé wa fi ń kọ́ni láti CI. Ní ilé, ní ọjà, ní oko, ní mọ́sáláṣí àti ní ṣọ́ọ̀ṣì, Yorùbá ni à ń sọ ní Kétu, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń sọ ọ́ ní Ṣábẹ̀ẹ́. Ní Àjàṣẹ́, Yorùbá àti Gùn ni. Ọmọ ọdún mẹ́fà kì í gbọ́ Faransé ní ibòmíràn bí kò ṣe lẹ́nu olùkọ́ rẹ̀. Bí ilé-ìwé bá tì fún oṣù mẹ́rin, kì í ṣe ìṣirò àti ìwé kíkà nìkan ni ọmọ náà pàdánù, ó pàdánù èdè tí a fi ń kọ́ ọ ní ìṣirò náà. Ọmọ Faransé tí ilé-ìwé tì mọ́ ní Paris ṣì ń gbọ́ Faransé nígbà oúnjẹ àárọ̀ àti nígbà tí ìyá rẹ̀ bá ń bá a wí. Ọmọ Kétu padà sí kíláàsì bí ẹni tí ó rìnrìn àjò lọ sí ìlú tí wọ́n ti ń sọ èdè mìíràn, tí ó sì ti gbàgbé ìwọ̀nba tí ó mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò rò pé ọmọ náà ti di òmùgọ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 2013, ìjọba Benin bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò láti fi àwọn èdè ilẹ̀ wa kọ́ni ní àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, Yorùbá sì wà lára àwọn èdè náà. Ètò náà kò tíì dé ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, èmi kò sì fẹ́ sọ nípa rẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń ka Yorùbá lè jókòó tì í kí ó sì mọ̀ bóyá ohun tí ó ń kà ní ìtumọ̀. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń ka Faransé kò ní ju kí ó máa wo ẹnu rẹ̀ lọ.

Ọ̀ràn kejì tí ó wà ní ìdí rẹ̀ ni ti owó. Kétu wà ní agbègbè tí a ń pè ní Plateau, ó súnmọ́ Nàìjíríà tó bẹ́ẹ̀ tí ìlú kan bíi Ìlárá fi ní apá kan níhìn-ín àti apá kan lọ́hùn-ún. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2019 ni Nàìjíríà ti ti ẹnubodè orí ilẹ̀ rẹ̀, wọn kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020. Àwọn òbí tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kí wọ́n ra nǹkan lápá kan kí wọ́n tà á lápá kejì ti wà nínú ìnira kí Kòrónà tó dé rárá. Nígbà tí ilé-ìwé wá tì, ọmọ di ọwọ́ tí ó lè ràn wọ́n lọ́wọ́: ọwọ́ tí ó lè gbé igbá, tí ó lè bó gbàgúdá, tí ó lè ṣọ́ àbúrò. N kò dá òbí kankan lẹ́bi fún èyí. Ohun tí ó ṣòro ni pé ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ tí wọ́n ní kí àwọn ọmọ padà bọ́ sí àkókò tí àgbàdo àkọ́rọ̀ ń wọlé láti oko, àkókò tí ọwọ́ ọmọ wúlò jù.

Mo wà ní ọgbà ilé-ìwé kan ní Kétu ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé náà, nítorí pé èmi ni mo mú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ. Bí a ti dé, wọ́n da omi sí àwọn ọmọ lọ́wọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, wọ́n wò ó bóyá wọ́n ní ìbòjú, wọ́n sì tò wọ́n wọlé. Ní kíláàsì kejì sí ti ọmọ wa, olùkọ́ ní kí wọ́n ṣí ìwé ní ojú ewé tí wọ́n dé ní oṣù Kẹta. Kò sí ẹni tí ó bi ẹnikẹ́ni ní ohun kan. Ó ṣe bí ẹni tí ó dìde nídìí oúnjẹ láti lọ mu omi, tí ó sì padà wá bá a níbẹ̀.

Kíláàsì ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yàtọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́. Àwọn ìbejì kan wà níbẹ̀, CE1 ni àwọn méjèèjì wà, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà. Olùkọ́ wọn kọ ìṣirò ìyọkúrò mẹ́ta sójú pátákó. Táyé dáhùn gbogbo rẹ̀ lẹ́nu kí olùkọ́ tó kọ ọ́ tán, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fún un ní ṣọ́ọ̀kì, kò mọ bí yóò ṣe kọ ọ́. Kẹ́hìndé kò sọ ohunkóhun. Ó di etí pátákó kékeré ọwọ́ rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì ń wo ilẹ̀. Nígbà tí olùkọ́ ní kí ó ka lẹ́tà tí ó wà lókè pátákó, ó wo Táyé lójú kí Táyé lè sọ ọ́ fún un.

Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ìyá wọn wá mú wọn, olùkọ́ náà dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni àwọn ọmọ yìí ń ṣe láti ìgbà tí a ti tì?”

Obìnrin náà kúnlẹ̀ díẹ̀, ó sì tún aṣọ orí rẹ̀ ṣe. “Ọ̀gá, ẹ má bínú. Èmi ò kàwé. Mi ò mọ nǹkan tí mo lè kọ́ wọn.”

“Mi ò bá yín wí rárá. Ẹ ṣáà sọ ohun tí ẹ rí fún mi.”

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dáhùn. “Táyé ló ń bá mi wọn gàrí lọ́jà. Bí èèyàn bá ra tòńgólò mẹ́ta, kí n tó ka owó, ó ti sọ ṣéńjì. Kẹ́hìndé ni mo fi ránṣẹ́ sí ìyá mi lábà. Kò fojú kan ìwé níbẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ náà kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ní ọjọ́ kejì, olùkọ́ náà lo ṣéńjì gàrí láti fi kọ́ Táyé bí a ṣe ń kọ ìyọkúrò sílẹ̀, ó sì kó Kẹ́hìndé àti àwọn mẹ́rin mìíràn sí iwájú, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí lẹ́tà pẹ̀lú wọn fún ìdajì wákàtí lójoojúmọ́. Àwọn ọmọ méjì tí wọ́n ti inú ìyá kan náà wá lọ́jọ́ kan náà, tí wọ́n wà ní kíláàsì kan náà, ni wọ́n padà wá láti ibi méjì tí ó jìnnà síra wọn. Ìyá wọn nìkan ni ó mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ń bọ̀, ilé-ìwé kò sì lè mọ̀ ọ́n àyàfi bí ó bá béèrè.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ohun àkọ́kọ́ tí ìyá náà ṣe ni pé ó tọrọ àforíjì. Nílùú wa, bí ilé-ìwé bá ránṣẹ́ pe òbí, ọ̀ràn ni tàbí owó. Láti ọdún 2006 ni ìjọba ti sọ pé kò sí owó ilé-ìwé mọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba, síbẹ̀ òbí tí wọ́n bá pè ṣì ń tọwọ́ bọ àpò kí ó tó jáde nílé. Òbí tí kò kàwé tún ní ìtìjú mìíràn lórí ìyẹn: ó rò pé oṣù mẹ́rin tí ọmọ lò nílé jẹ́ oṣù mẹ́rin tí òun fi bà á jẹ́. Nítorí náà, kò ní sọ ohun tí ó mọ̀, yóò kàn máa bẹ̀bẹ̀ ni. Ilé-ìwé tí ó bá fẹ́ ran àwọn òbí lọ́wọ́ ní láti mú ìbẹ̀rù yẹn kúrò kí ó tó gbọ́ ohun tí ó wúlò lẹ́nu wọn, èyí kò sì ṣeé ṣe pẹ̀lú ìwé ìpè tí a kọ ní Faransé. Ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé ní ìrọ̀lẹ́ dára ju ọ́fíìsì lọ, Yorùbá sì ni kí a fi bá wọn sọ ọ́, kí ìkíni sì ṣáájú ìbéèrè.

Kí ló dé tí ìbéèrè kékeré bẹ́ẹ̀ fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀? Ìdáhùn tí ó hàn kedere jù tí mo mọ̀ wá láti Pakistan. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2005, ilẹ̀ mì tìtì ní àríwá orílẹ̀-èdè náà, ilé wó, ènìyàn kú, àwọn ilé-ìwé sì tì fún bí ọ̀sẹ̀ 14. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, Tahir Andrabi, Benjamin Daniels àti Jishnu Das lọ dán àwọn ọmọ agbègbè náà wò. Ní ti owó àti ilé, àwọn ìdílé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ̀ sípò tán. Àwọn ọmọ tí ilé wọn súnmọ́ ibi tí ilẹ̀ ti mì ni ó kù sẹ́yìn, wọ́n sì fi ẹ̀kọ́ tí ó tó ọdún kan àti ààbọ̀ kù sí àwọn ẹgbẹ́ wọn tí ń gbé níbi tí ó jìnnà. Ọ̀sẹ̀ 14 kò tó oṣù mẹ́rin. Báwo ni oṣù mẹ́ta lé díẹ̀ ṣe di ọdún kan ààbọ̀? Ohun tí ó jọ pé ó ṣẹlẹ̀ ni pé nígbà tí ilé-ìwé ṣí, olùkọ́ ń bá ètò ẹ̀kọ́ lọ, ọmọ tí kò lóye ti oṣù Kẹta kò lè lóye ti oṣù Kẹjọ, ti ọdún tí ó tẹ̀ lé e sì tún wá le jù fún un. Àlàfo náà ń fẹ̀ sí i nígbà tí ilẹ̀kùn ilé-ìwé ti ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Nínú ìwádìí kan náà, wọ́n rí i pé ọmọ tí ìyá rẹ̀ parí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò kù sẹ́yìn bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá rántí èyí ni ó máa ń dùn mí, nítorí pé mo mọ iye ìyá tí kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò wa. Ṣùgbọ́n mo rò pé a lè kà á lọ́nà mìíràn: ẹnì kan nínú ilé tí ó mọ ibi tí ọmọ dúró, tí ó sì ń bi í léèrè, ni ó gbà á là. Ìyá tí kò kàwé lè jẹ́ ẹni yẹn bí ilé-ìwé bá sọ fún un ohun tí yóò máa béèrè.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àìsí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni ó ṣe wá ní èyí. Ní Holland, níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti wọ ilé gbogbo ènìyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ilé-ìwé tì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ péré lọ́dún 2020. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wo èsì ìdánwò àwọn ọmọ tí ó tó 350,000, wọ́n rí i pé ẹ̀kọ́ tí ó sọnù tó ìdá kan nínú márùn-ún ọdún kan, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá àkókò tí wọ́n fi tì dọ́gba. Ní ilé tí àwọn òbí kò kàwé púpọ̀, àdánù náà fi tó 60 nínú 100 ju ti àwọn yòókù lọ. Lọ́dún 2022, Báńkì Àgbáyé àti àwọn àjọ tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ṣírò rẹ̀ pé nínú ọmọ ọdún mẹ́wàá 100 ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lọ́rọ̀ àti àwọn tí ó wà láàárín, 70 ni kò lè ka ìtàn kékeré kan kí ó sì yé wọn. Kí Kòrónà tó dé, 57 ni. Ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà, tí àwa wà nínú rẹ̀, wọ́n fojú bù ú sí 89.

Ohun tí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lè ṣe kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wà, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò sì béèrè owó. Àkọ́kọ́ ni kí ó mọ ibi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan dúró. Ní India, ẹgbẹ́ Pratham tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Mumbai lọ́dún 1995 ní ọ̀nà kan tí ó rọrùn láti mọ̀ ọ́n: ìwé pélébé kan, lẹ́tà wà lórí rẹ̀, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà gbólóhùn díẹ̀, lẹ́yìn náà ìtàn kúkúrú. Ọmọ ń kà á títí dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló gbà. Fún wákàtí kan tàbí méjì lójúmọ́, wọ́n á pín àwọn ọmọ sí ọ̀wọ́ gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n lè kà, wọn kò ní wo kíláàsì tàbí ọjọ́ orí, wọ́n á sì kọ́ ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan láti ibi tí ó dúró. Orílẹ̀-èdè Côte d’Ivoire ti gba ọ̀nà náà, ó sì ń lò ó. Ohun tí olùkọ́ àwọn ìbejì ṣe nígbà tí ó kó ọmọ márùn-ún síwájú kò jìnnà sí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ.

Àwọn olùkọ́ kan yóò sọ pé àwọn kò ráyè, nítorí pé ètò ẹ̀kọ́ gùn, alábòójútó sì ń bọ̀ wá wo ìwé wọn. Òótọ́ ni. Láàárín ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 2020 sí ìgbà tí ọdún ẹ̀kọ́ tuntun bẹ̀rẹ̀ ní òpin oṣù Kẹsàn-án, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré ni ó wà, ilé-ìwé sì sáré gba inú rẹ̀ kọjá. Ọwọ́ ọ̀gá ilé-ìwé àti ti alábòójútó ni ọ̀ràn yìí wà, olùkọ́ nìkan kò lè dá a gbé. Bí alábòójútó bá ń béèrè ojú ewé tí olùkọ́ dé, ojú ewé ni olùkọ́ yóò máa sáré lé. Bí ó bá ń béèrè iye ọmọ tí ó lè ka ọ̀rọ̀ mẹ́wàá, ìyẹn ni yóò máa tọ́jú.

Èkejì ni fóònù, òun sì ni mo rò pé ó yẹ kí a fọkàn sí jù. Ní Botswana lọ́dún 2020, àwọn olùwádìí mú ìdílé tí ó lé ní 4,500. Wọ́n ń fi ìṣirò ránṣẹ́ sí àwọn òbí kan lórí fóònù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn mìíràn ń gba ìṣirò náà, olùkọ́ sì tún ń pè wọ́n fún bí ogún ìṣẹ́jú, òbí á gbé fóònù sí gbangba kí òun àti ọmọ jọ gbọ́. Àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan kò fi bẹ́ẹ̀ ran àwọn ọmọ lọ́wọ́. Ìpè pẹ̀lú àtẹ̀jíṣẹ́ ni ó mú kí iye àwọn ọmọ tí kò lè ṣe ìṣirò rárá dín kù gan-an. Kì í ṣe fóònù olówó iyebíye ni wọ́n lò, fóònù kékeré tí ìyá alágbàdo ń so mọ́ ìdí aṣọ ni. Ní Kétu, ohùn olùkọ́ tí ń sọ Yorùbá lórí irú fóònù bẹ́ẹ̀ yóò dé ibi tí ìwé Faransé kò lè dé. Ohun tí ó wúlò nínú ìpè náà kì í sì í dópin nígbà tí ilé-ìwé bá ṣí: ìyá Kẹ́hìndé tí olùkọ́ bá pè lẹ́ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó sọ fún un pé, “Ẹ ní kí ó ka lẹ́tà wọ̀nyí fún yín kí ó tó jẹun alẹ́,” ti ní iṣẹ́ kan tí ó lè ṣe láìmọ̀wé.

Ẹgbẹ́ àwọn òbí akẹ́kọ̀ọ́ wà ní gbogbo ilé-ìwé wa, ẹgbẹ́ àwọn ìyá akẹ́kọ̀ọ́ sì wà ní púpọ̀ nínú wọn. Wọ́n ń pè wọ́n nígbà tí òrùlé bá jò. Àwọn ìyá wọ̀nyí ni ó mọ ilé tí ọmọ kan ti kó lọ sí abà tí kò padà, wọ́n mọ ọmọbìnrin tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ lọ ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀ ní Kutọnu tàbí ní Nàìjíríà. Ní Sierra Leone, nígbà tí àrùn Ẹ̀bólà ti ilé-ìwé fún bí oṣù mẹ́sàn-án láti ọdún 2014 sí 2015, ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin lóyún, ìjọba sì ní kí àwọn tí oyún wọn bá hàn má padà sí kíláàsì. Oṣù Kẹta ọdún 2020 ni wọ́n tó fagi lé òfin náà. Ọmọ tí kò padà kì í sí nínú ìdánwò kankan, nítorí náà kì í sí nínú iye tí à ń kà. Ìyá kan tí ó lọ kan ilẹ̀kùn ilé mìíràn pẹ̀lú sùúrù lè mú un padà, ìwé láti ọ́fíìsì kò lè ṣe é.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé ọ̀rọ̀ oúnjẹ náà. Láti ọdún 2017 ni Benin ti ní ètò tí ó ń fún àwọn ọmọ ní oúnjẹ ọ̀sán ní ilé-ìwé, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ PAM, àjọ oúnjẹ ti Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè. Nígbà tí ilé-ìwé tì, ìkòkò náà tì pẹ̀lú rẹ̀. Ní àwọn ilé tí mo mọ̀, oúnjẹ yẹn ni ó kọ́kọ́ mú kí òbí rántí pé ilé-ìwé ti ṣí, kí wọ́n tó rántí ìwé, n kò sì rí ohun tí ó burú nínú rẹ̀.

Kòrónà kọ́ ni yóò ti ilé-ìwé kẹ́yìn. Omi ń kún ní Àjàṣẹ́ àti ní ẹ̀gbẹ́ odò Wẹ̀mẹ̀, olùkọ́ ń da iṣẹ́ sílẹ̀, ìjì ń ká òrùlé. Nítorí náà, mo béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ àwọn ìbejì láìpẹ́ yìí ohun tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọdún 2020. Ó ṣí àpótí tábìlì rẹ̀, ó sì mú ìwé àkọsílẹ̀ kan jáde tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já. Orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ wà nínú rẹ̀ lọ́dọọdún, nọ́ńbà fóònù wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ẹni tí ó ni fóònù náà sí i: bàbá, ìyá, ìyá àgbà, aládùúgbò tí ń ta bátìrì. Níwájú àwọn tí kò ní nọ́ńbà, ó kọ orúkọ abà, àti orúkọ ẹni tí ń gun alùpùpù lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ ọjà.